Alápótí àti Ẹ̀kọ́ Keje

Alápótí, obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, akọ̀wé àgbà ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò, ti padà sí ìdí tábìlì rẹ̀ ní àjà kejì láti ọjọ́ Ajé tó kọjá. Oṣù mẹ́rìnlá ló fi wà nísàlẹ̀ ilé, nínú yàrá tí wọ́n ń kó àga kíkán sí. Nígbà tó gòkè dé, àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jókòó, ó nu ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ tí eruku ti bò, ó sì bèèrè ibi tí Kíákíá wà. Wọ́n ní wọ́n ti ní kó máa sinmi nílé ná. Ó ní kò burú, òun ní sùúrù.

Ìnagijẹ ni Alápótí, iṣẹ́ ló sì fún un. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni nígbà tó dé ọ́fíìsì náà, kò sì sí kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀ nígbà náà. Káàdì ni wọ́n ń lò. Ọmọ ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀, wọ́n á sì to àwọn ẹ̀kọ́ tó fẹ́ ṣe ìdánwò nínú wọn sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹnì kan bá bèèrè ẹ̀kọ́ tí ọmọ kan ń ṣe, wọ́n á fa káàdì yọ, wọ́n á dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá fẹ́ mọ iye ọmọ tó ń ṣe físíìsì, kó lè mọ iye àga tí wọ́n máa tò sí gbọ̀ngàn, gbogbo ọ́fíìsì á pa iṣẹ́ tì, wọ́n á máa yẹ ẹ̀yìn káàdì wò ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àtàǹpàkò á wú. Iye tí ẹni àkọ́kọ́ kà kì í sì í bá ti ẹnì kejì mu láéláé.

Ní ọdún kẹta tó débẹ̀, ó ní kí káfíńtà kan àpótí mẹ́ta fún òun. Inú àkọ́kọ́ ni káàdì àwọn ọmọ wà: nọ́ńbà, orúkọ, ilé-ìwé, ó parí. Ti àwọn ẹ̀kọ́ wà nínú ìkejì. Ìkẹta ni àwọn àgbà ọ́fíìsì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ìwé pélébé ló kún inú rẹ̀, kò sì sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára wọn. Nọ́ńbà ọmọ kan àti nọ́ńbà ẹ̀kọ́ kan ló wà lórí pélébé kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó ń ṣe ẹ̀kọ́ mẹ́fà ní pélébé mẹ́fà. Èyí tó ń ṣe mẹ́sàn-án ní mẹ́sàn-án. Bí ọ̀gá bá sì bèèrè ti físíìsì, kí a ṣáà ka pélébé tó ní nọ́ńbà físíìsì lórí ni.

“Ọmọ kan ń ṣe ẹ̀kọ́ púpọ̀,” ló máa ń sọ fún wọn, “ẹ̀kọ́ kan sì ní ọmọ púpọ̀. Ẹ ò lè ki ọ̀kan bọ inú èkejì kó gbà á. Ẹ fi alárinà sáàárín wọn.”

“Máàkì tí ọmọ bá gbà ńkọ́?” ni akọ̀wé kan bi í. “Inú àpótí wo lo máa fi ìyẹn sí?”

“Máàkì kì í ṣe ti ọmọ, kì í sì í ṣe ti ẹ̀kọ́. Àwọn méjèèjì ló jọ bí i. Ọ̀dọ̀ alárinà ló máa gbé.”

Láàárín ọdún kan, ẹ̀rín dúró. Láàárín ọdún méjì, kò sí ẹni tó rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ mọ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún. Ó lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́, ó jókòó sáàárín àwọn tó lè bí. Olùkọ́ ya àtẹ méjì sójú pátákó, ọ̀kan fún dókítà, ọ̀kan fún aláìsàn, ó ní dókítà kan ń wo aláìsàn púpọ̀, aláìsàn kan sì ń lọ sọ́dọ̀ dókítà púpọ̀, báwo ni a ṣe máa so wọ́n pọ̀? Kó tó fi ẹfun sílẹ̀, Alápótí ti ní, “Àtẹ kẹta.” Olùkọ́ bi í ibi tó ti kọ́ ọ. Ó ní lọ́dọ̀ káfíńtà.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe to àkójọ ìdánwò sórí kọ̀ǹpútà: àtẹ àwọn ọmọ, àtẹ àwọn ẹ̀kọ́, àti àtẹ alárinà, tí ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ so ọmọ kan mọ́ ẹ̀kọ́ kan. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà.

Lẹ́yìn náà ni Kíákíá dé. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, ọ̀gá tuntun fún ẹ̀ka kọ̀ǹpútà, ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ, kì í rìn gun àtẹ̀gùn, ó máa ń sáré gùn ún ni. Bí a bá rán an ní iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, “kíákíá ni” ló máa fi dáhùn, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Ní oṣù kejì tó dé, ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ Alápótí, ó tọ́ka sójú kọ̀ǹpútà.

“Mọ́mì, kí ni àtẹ yìí ń ṣe? Nọ́ńbà méjì ṣoṣo ló wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Òun ló ń fa ẹ̀rọ sẹ́yìn.”

“Alárinà ni.”

Kíákíá rẹ́rìn-ín. “Àwọn àgbà náà ló sọ ọ́ o: bí ojú bá mọjú tán, alárinà á yẹ̀bá.”

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Alápótí pàápàá rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí ó dun létí. Ìgbà tó rí ohun tí ọkùnrin náà fẹ́ ṣe ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ pa àtẹ kẹta rẹ́, kó sì la òpó mẹ́fà lóòró sínú àtẹ àwọn ọmọ, àyè kan fún ẹ̀kọ́ kan: Ẹ̀kọ́ Kìíní, Ẹ̀kọ́ Kejì, títí dé Ẹ̀kọ́ Kẹfà.

“Àwọn kan wà tó ń ṣe méje,” ni Alápótí wí.

“Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe ju mẹ́fà lọ.”

“Ọ̀pọ̀ kì í ṣe gbogbo.”

“Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo máa wá nǹkan ṣe sí i.”

Ẹnu lásán ni Alápótí fi kìlọ̀, kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ti ń kọ nǹkan gbogbo sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún kò kọ èyí. Ó ti gé ìka àbámọ̀ jẹ nítorí ẹ̀ láìmọye ìgbà.

Ní ọjọ́ tí Kíákíá kó gbogbo rẹ̀ láti inú àtẹ alárinà sínú òpó mẹ́fà, ẹ̀rọ náà ka ẹ̀kọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan dé ìkẹfà, ó sì ti ilẹ̀kùn. Kò pariwo, kò sì sí ẹni tó bi í. Ọmọ mẹ́tàlélógójì ló pàdánù ẹ̀kọ́ keje. Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọ àbúrò Alápótí, ọmọbìnrin tó ti ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́jọ. Físíìsì ló kọ gbẹ̀yìn sórí fọ́ọ̀mù rẹ̀. Òun gan-an ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga ń wò, kí wọ́n tó jẹ́ kó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ẹni tó ń ṣọ́ ìdánwò fi ìka tọ ìwé orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún un wò, ó ní kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ náà dúró lẹ́yìn fẹ́ǹsì pẹ̀lú aṣọ ilé-ìwé lọ́rùn, ó mú rúlà lọ́wọ́, títí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi jáde.

Kíákíá kọ ìwé sí ọ̀gá àgbà lọ́jọ́ kejì. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló ṣe pàtàkì nínú rẹ̀: “Akọ̀wé àgbà kò tẹ ẹ̀kọ́ keje àwọn ọmọ náà wọlé.” Ìfọwọ́sí Alápótí ló wà lórí fọ́ọ̀mù gbogbo, àtẹ tí ì bá fi gbèjà ara rẹ̀ sì ti pa rẹ́. Ọ̀gá àgbà, tó máa fẹ̀yìn tì láìpẹ́ tí kò sì fẹ́ ariwo, gbé e lọ sísàlẹ̀.

Ẹni tó ṣu máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Kíákíá gbàgbé. Bí wọ́n bá pàdé lórí àtẹ̀gùn, á ní, “Mọ́mì, ìsàlẹ̀ tutù o! Ẹ̀yin lẹ ń gbádùn!” Alápótí á dáhùn pé ó tutù lóòótọ́. Nígbà tó bá wọlé tán, á jókòó sórí àga tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta àti bíríkì kan, á máa wo ògiri.

Ohun tí Kíákíá kò rò ni pé ìsàlẹ̀ náà ni wọ́n ń kó fọ́ọ̀mù sí tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ tán. Nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, páálí fọ́ọ̀mù ń sọ̀ kalẹ̀ lójoojúmọ́. Kò sí iṣẹ́ mìíràn fún Alápótí, ó sì ń kà wọ́n. Gbogbo fọ́ọ̀mù tó ní ẹ̀kọ́ méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń fi okùn dì í sọ́tọ̀. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa parí ìforúkọsílẹ̀, ó ti di méjìléláàádọ́fà. Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni ilẹ̀kùn máa tì.

Kò sọ fún ẹnì kan. Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa bàbá ẹni. Ọwọ́ rẹ̀ ti wá tẹ èkù wàyí. Ohun tó pinnu ni pé òun máa dákẹ́ títí di ọjọ́ ìdánwò. Kí ọmọ méjìléláàádọ́fà dúró síta, kí àwọn oníròyìn dé, kí wọ́n wá bi Kíákíá ẹni tí kò tẹ̀ ẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ti ń rí ojú ọkùnrin náà. Ó ń jẹ adùn rẹ̀ bí ẹni ń jẹ obì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, ọmọ àbúrò rẹ̀ yà wá bá a. Ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún tó kọjá, kò jìnnà sí ọ́fíìsì. Ó rí àwọn fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi okùn dì.

“Àǹtí, kí lẹ ya àwọn wọ̀nyí sọ́tọ̀ fún?”

“Má fọwọ́ kàn án.”

Ọmọ náà ti ń ṣí i wò. “Méje. Méje. Mẹ́jọ lèyí. Méje.” Ó gbójú sókè. “Òpó mẹ́fà náà ló ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà?”

“Òun náà ni.”

“Ẹ ti sọ fún wọn lókè?”

Alápótí na ọwọ́ láti gba àwọn fọ́ọ̀mù náà padà.

“Àǹtí.”

“Ó máa ṣẹlẹ̀ sí i níta gbangba. Mo fẹ́ fi ojú mi rí i.”

“Ta ló máa dúró lẹ́yìn fẹ́ǹsì? Ṣé Kíákíá ni?” Ọmọ náà kò pariwo. “Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni mo forúkọ sílẹ̀ fún lọ́dún yìí. Ká ní méje ni, ẹ ò ní dákẹ́.”

Ọ̀rọ̀ náà wọlé síbi tó máa dùn ún. Alápótí yí ojú sí ògiri.

“Èmi náà fẹ́ kí ojú tì í,” ni ọmọ náà tún sọ. “Bí mo bá rí i lójú ọ̀nà, òkúta ló máa ń wù mí kí n sọ lù ú. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọmọ ọlọ́mọ sọ lù ú.”

Ọkàn Alápótí kò rọ̀. Kò jọ pé ó ti rọ̀ títí di òní. Ó jókòó, ó sì rò ó. Bí òun bá gòkè lọ sọ fún ọ̀gá àgbà ní jẹ́jẹ́, Kíákíá á la òpó keje ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, á fọwọ́ nu ẹnu bí ẹni tí kò jẹun, ìwé tó kọ sí òun á sì wà nínú fáìlì títí ayé. Bí òun bá dákẹ́, àwọn ọmọ á ṣègbé. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ yè, kí Kíákíá sì rí ẹ̀san. Ó na ọwọ́ sí fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́. Nọ́ńbà fóònù òbí wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

“Mú fóònù rẹ,” ló sọ fún ọmọ náà. “Ìdajì tìẹ, ìdajì tèmi.”

Ohun kan náà ni wọ́n sọ fún gbogbo wọn, lọ́jọ́ náà àti lọ́jọ́ kejì: “Ẹ wá sí ọ́fíìsì ìdánwò lọ́jọ́rú, aago mẹ́sàn-án. Ẹ bèèrè ọ̀gá kọ̀ǹpútà. Ẹ ní kó fi ẹ̀kọ́ keje ọmọ yín hàn yín.”

Lọ́jọ́rú, èrò kún àtẹ̀gùn láti ìsàlẹ̀ dé àjà kejì. Ẹni tó wà níwájú jẹ́ ọkùnrin kan tó ń jó irin, tí iná ti lu aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ jálẹ̀. Kíákíá jáde sí wọn tẹ̀ríntẹ̀rín.

“Ẹ káàárọ̀ o. Kíákíá la máa dá yín lóhùn.”

“A ò sáré,” ni Ajórin wí. “Ẹ̀kọ́ keje ọmọ mi dà?”

Kíákíá tẹ nọ́ńbà ọmọ náà. Ẹ̀kọ́ mẹ́fà jáde. Ó tún un tẹ̀. Mẹ́fà náà ni.

“Ó jọ pé ẹ̀rọ ló gbójú fò ó.”

“Irin ni mò ń jó pọ̀,” ni Ajórin wí. “Bí ojú ibi tí mo jó bá já, mi ò lè sọ fún oníbàárà pé irin ló gbàgbé. Tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ kí n rí i.”

Kíákíá gbé ìka sókè, kò sì mọ ibi tó máa gbé e lé. Kò sí àyè kankan lẹ́yìn Ẹ̀kọ́ Kẹfà.

“Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo máa la òpó keje.”

“La ìkẹjọ mọ́ ọn,” ni obìnrin kan ké láti ẹ̀yìn. “Mẹ́jọ ni tèmi ń ṣe!”

“Ìkẹsàn-án náà ńkọ́?” ni ẹlòmíràn wí. “Ṣebí ọmọ la bí, a ò bí òpó!”

Ẹ̀rín bú jáde, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ìfẹ́. Ariwo náà ló mú ọ̀gá àgbà jáde. Kíákíá ti la òpó méjì, òógùn ń gba ọrùn rẹ̀. Ọ̀gá àgbà ní òun fẹ́ mọ ohun kan ṣoṣo: ọmọ mélòó ló ń ṣe físíìsì báyìí? Ọmọ kan fi físíìsì sí òpó kejì, òmíràn fi sí ìkarùn-ún, òmíràn sí ìkẹfà. Kíákíá kà á, ó pe iye kan. Ó tún un kà, iye mìíràn jáde. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, kò pe iye kankan mọ́.

Obìnrin tó ń bójú tó tábìlì àbáwọlé ló sọ ọ́ jẹ́jẹ́: “Ẹ lọ pe Alápótí.”

Ó gòkè wá, kò yára. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, àwọn òbí la ọ̀nà fún un.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún un tò,” ni ọ̀gá àgbà wí.

“Mo máa tún un tò kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n mi ò ní jókòó síbẹ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀ ná.”

“Kọ kí ni?”

“Ẹni tó pa àtẹ kẹta rẹ́. Ọjọ́ tó pa á rẹ́. Àti bóyá akọ̀wé àgbà tẹ ẹ̀kọ́ keje àwọn ọmọ ọdún tó kọjá wọlé tàbí kò tẹ̀ ẹ́.”

Kíákíá wo ọ̀gá àgbà, ọ̀gá àgbà wo ilẹ̀. Ajórin ti fa àga kan jáde. “Jókòó kọ ọ́, ọ̀gá. A ò sáré.”

Ó kọ ọ́. Alápótí ní kó kà á sókè. Ó kà á. Alápótí ní kó tún un kà, pé àwọn tó wà lórí àtẹ̀gùn kò gbọ́. Ó tún un kà. Ọ̀gá àgbà fọwọ́ sí i. Ìgbà náà ni Alápótí tó jókòó, tó la àtẹ alárinà lákọ̀tun, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan padà síbi tó yẹ, ìlà kan fún ọmọ kan àti ẹ̀kọ́ kan. Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ló tẹ ìlà tó kẹ́yìn. Méjìléláàádọ́fà ló wọlé. Kò sí èyí tó kù síta.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, Kíákíá wá sílé rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, àgbàlagbà kan tó ń tẹ ọ̀pá. Wọ́n jókòó sí pálọ̀.

“Ìyá, ẹ forí jì í,” ni àgbàlagbà náà wí. “Ọmọ yín ni.”

“Ọmọ mi wà nínú yàrá,” ni Alápótí wí. “Físíìsì ló ń kà.”

Kíákíá tẹrí ba. “Mọ́mì, àṣìṣe ni.”

“Òpó mẹ́fà ni àṣìṣe. Ìwé tí o kọ sí mi kì í ṣe àṣìṣe.”

“Wọ́n máa lé mi lẹ́nu iṣẹ́.”

“Mi ò ní fi ohun tí kò ṣẹlẹ̀ kún un. Èyí tó ṣẹlẹ̀ náà, mi ò ní yọ ẹyọ kan kúrò nínú rẹ̀.”

Ó fún wọn ní omi mu, ó sì sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, nítorí àgbàlagbà náà kò ṣẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí wọ́n bi í lọ́jọ́ Ajé ohun tó fẹ́ kí ìgbìmọ̀ ìbáwí tí wọ́n gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Kíákíá ṣe, ohun kan ló béèrè: kí wọ́n ka orúkọ ọmọ mẹ́tàlélógójì náà sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ tí wọ́n gé kúrò lọ́wọ́ olúkúlùkù, kí Kíákíá sì wà lórí ìdúró títí wọ́n á fi kà á tán. Wọ́n gbà. Mọ́kànlélógún nínú àwọn ọmọ náà ti ní àwọn máa wá fúnra wọn. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ti gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ni ìgbìmọ̀ máa jókòó, ní yàrá ìpàdé tó wà ní àjà kẹta.